Ìbéèrè àṣedánrawò sàíkọ́lọ́jì, iṣẹ́ olùkọ́ àti ìwádìí: ibo ni máàkì ti ń jò?

Ọmọ_Akọkà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ló wà níwájú àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré. Inú sàíkọ́lọ́jì, ìtàn àti ìlànà ẹ̀kọ́, àti ọ̀nà ìwádìí ni ìbéèrè ti máa wá. Past question bíi 400 wà nílẹ̀, àmọ́ kíkà tí à ń kà á yìí kò jọ pé ó ń wọlé. Báwo la ṣe ń lò ó? Ibo sì ni àwọn tó ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ máa ń dẹ pàkúté sí? Ẹ dákun, ẹ fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn.

Tíṣà_Sùúrùlérè
Àbúrò, past question kì í ṣe ohun kíkà. Ohun ṣíṣe ni. Ẹni tó ń ka ìbéèrè tó ń yọjú wo ìdáhùn nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ló mọ ìdáhùn, orí rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Roediger àti Karpicke dán èyí wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Nígbà tí wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún ìwé kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n fipá rántí ló borí.

Ìlò rẹ̀ rèé. Fi bébà bo A sí D. Ka ìbéèrè nìkan, kọ ìdáhùn tìrẹ sílẹ̀, kó o tó ṣí bébà. Tó o bá ti mú ọ̀kan, kọ gbólóhùn kúkúrú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta tó kù: kí ni kò jẹ́ kó tọ̀nà? Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà làwọn èèyàn ti ń sá. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà lónìí ni wọ́n máa yí padà di èyí tó tọ̀nà lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà ẹni tó mọ ìdí tí mẹ́ta fi kùnà ti mọ ìbéèrè 4 níbi tí ẹlòmíì ti mọ 1.

Ìbéèrè 25 lóòjọ́, 400 á parí ní ọjọ́ 16. Ọjọ́ 5 á ṣẹ́kù fún èyí tó ń gbé yín ṣubú. Ìbéèrè tẹ́ ẹ bá kùnà lónìí, ẹ padà sí i lọ́la, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn ọjọ́ méje. Tó bá tọ̀nà nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fà á rẹ́.

Ẹ má gba ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé gbọ́ bí ẹni gba Bíbélì o. Àwọn tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì dì yẹn, àṣìṣe pọ̀ nínú wọn. Bí ìdí tẹ́ ẹ kọ bá ta ko ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀, ẹ lọ wo ìwé kíláàsì yín kẹ́ ẹ tó dá ara yín lẹ́bi.

Ìyá_Kíláàsì
Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n mú sàíkọ́lọ́jì. Mo máa fi Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ wọn, torí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa bá wọn lójú kọ̀ǹpútà.

Èyí tó ń jẹ máàkì jù ni negative reinforcement. Nínú ọ̀rọ̀ Skinner, onísàíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, negative kì í ṣe "burúkú", positive kì í sì í ṣe "dáadáa". Positive ni pé wọ́n fi nǹkan kún un, negative ni pé wọ́n mú nǹkan kúrò. Reinforcement ni pé ìwà náà ń pọ̀ sí i, punishment ni pé ó ń dínkù. Nítorí náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì: wọ́n fi kún un ni àbí wọ́n mú kúrò? Ìwà náà ń pọ̀ ni àbí ó ń dínkù?

Ọkọ̀ ń ké pí-pí-pí títí awakọ̀ fi de bẹ́líìtì: ariwo lọ, ìwà dídè pọ̀ sí i, negative reinforcement nìyẹn. Tíṣà ní ẹni tó bá parí iṣẹ́ kò ní bá wọn gé koríko: òun náà ni. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣeré ní kíláàsì: wọ́n mú nǹkan kúrò, ìwà dínkù, negative punishment. LASTMA wọ́ ọkọ̀ ẹni tó gba one-way lọ: òun náà ni, ìyẹn tí awakọ̀ náà bá jáwọ́ lóòótọ́. Tí kò bá jáwọ́, kì í ṣe punishment rárá nínú èdè Skinner, bó ti wù kó dun ún tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwà náà ló ń sọ orúkọ, kì í ṣe bó ṣe rí lára.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Mo fẹ́ fi kan kún ti Màmá. Ẹgba. Gbogbo èèyàn ló máa ń yára pè é ní positive punishment, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìwà tí ìbéèrè ń bèèrè. "Wọ́n na ọmọ torí ó sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kò sọ̀rọ̀ mọ́": positive punishment. "Ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kí wọ́n má bàa nà án": iṣẹ́ ṣíṣe ni ìwà tí wọ́n ń bèèrè, ó sì ń pọ̀ torí ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹgba. Negative reinforcement ni. Ẹgba kan náà, ìdáhùn méjì.

Ìyá_Kíláàsì
O ṣeun, àbúrò, bẹ́ẹ̀ ni. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti bọ́ sí schedule, ìyẹn ètò ìgbà tí èrè máa ń dé: ratio ń ka iye iṣẹ́, interval ń ka àkókò. Télọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún lórí aṣọ márùn-ún márùn-ún: fixed ratio. Owó oṣù: fixed interval. Ọ̀gá tó máa ń yọ sí yín láìròtẹ́lẹ̀ láti wo ìwé iṣẹ́: variable interval. Tẹ́tẹ́: variable ratio, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa jẹ. Tí wọ́n bá bèèrè èyí tó ṣòro jù láti pa rẹ́, tẹ́tẹ́ ni kẹ́ ẹ rántí. Ìdí tí ẹni tó ń ta á kò fi dúró náà nìyẹn.

Ní ti Pavlov, ẹni tó ṣàlàyé classical conditioning (kíkọ́ ìwà nípa síso nǹkan méjì pọ̀), ẹ fojú inú wo oní-aisikiriimu tó ń lu agogo kiri àdúgbò. Aisikiriimu fúnra rẹ̀ ni UCS (unconditioned stimulus, ohun tó ń fa ìwà láìjẹ́ pé a kọ́ ọ). Itọ́ tó yọ lẹ́nu ọmọ nítorí aisikiriimu ni UCR (unconditioned response, ìwà tó fà yọ). Agogo kò já mọ́ nǹkan kan lákọ̀ọ́kọ́, neutral ni. Nígbà tó bá yá, agogo nìkan á mú itọ́ yọ: agogo ti di CS (conditioned stimulus), itọ́ ti di CR (conditioned response). Ibi tí pàkúté wà ni pé itọ́ kan náà ni UCR àti CR. Ohun tó fà á jáde ni ẹ máa fi mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Tó bá ń lu agogo tí kò tà, itọ́ á dáwọ́ dúró (extinction); tí agogo náà bá dún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí itọ́ sì tún yọ díẹ̀, spontaneous recovery ni. Wọ́n máa ń fi generalisation rọ́pò rẹ̀ nínú ìdáhùn. Ìyẹn ni kí itọ́ yọ nígbà tí agogo mìíràn tó jọ ọ́ dún.

Piaget, ìpele tí ìrònú ọmọ ń gbà dàgbà, ní iye ọdún: 0 sí 2 sensorimotor, 2 sí 7 preoperational, 7 sí 11 concrete operational, 11 sókè formal operational. Ọjọ́ orí nìkan kò tó. Ẹ mọ ohun tí ọmọ kò tíì lè ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Object permanence (mímọ̀ pé nǹkan ṣì wà bí ojú kò tilẹ̀ rí i), ìpele kìíní ló ti ń dé. Conservation (mímọ̀ pé iye nǹkan kò yí padà bí ìrísí rẹ̀ bá yí), ìpele kẹta ló ti ń dé. Vygotsky ló ni zone of proximal development (ohun tí ọmọ lè ṣe tí wọ́n bá ràn án lọ́wọ́, tí kò tíì lè dá ṣe), àmọ́ scaffolding (ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń yọ kúrò díẹ̀díẹ̀) kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀: Wood, Bruner àti Ross ló lò ó lọ́dún 1976, Vygotsky sì ti kú láti 1934. Ìbéèrè tó bá ní "who coined" kò ní dárí jì yín.

Ọmọ_Akọkà
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ bí ẹ ṣe là mí lójú tó. Ìwádìí àti ìṣirò ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fi ojú di.

Oníṣirò_Yábàá
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Kóńgò kan wà ní Òyìngbò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Wọn ìrẹsì nígbà ogún, iye kan náà ló máa gbé, ó sì máa dín nígbà ogún. Kóńgò yẹn ní reliability, torí kò yẹsẹ̀. Kò ní validity, torí ohun tó pe ara rẹ̀ kọ́ ló ń wọ̀n. Ohun èlò lè jẹ́ reliable láìjẹ́ valid. Kò lè jẹ́ valid tí kò bá reliable. Nínú ìdáhùn mẹ́rin, gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n máa ń yí sódì.

Irú reliability náà ń dà wọ́n rú. Ẹ fún àwọn kan náà ní ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mejì: test-retest. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ fún wọn, ìbéèrè jẹ́ "gbà gidigidi" títí dé "kò gbà rárá": Cronbach alpha. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ ìdáhùn jẹ́ ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà: KR-20. Olùmáàkì méjì ló wo àròkọ kan náà: inter-rater.

Type I àti Type II, àṣìṣe méjì tí ìpinnu ìwádìí lè ní: bí ẹ bá pariwo olè mọ́ aláìṣẹ̀, Type I. Bí olè bá gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá tẹ́ ẹ kí i pẹ̀lẹ́, Type II. Tẹ́ ẹ bá fa alpha (ààlà àṣìṣe Type I tẹ́ ẹ gbà láyè, kì í ṣe ti Cronbach) wálẹ̀ láti 0.05 sí 0.01, ariwo lórí aláìṣẹ̀ á dínkù, àmọ́ olè tó ń lọ á pọ̀ sí i. Kíkó èèyàn púpọ̀ sí i sínú ìwádìí ló ń dín Type II kù láìfọwọ́ kan Type I.

P = 0.03 kò túmọ̀ sí pé ó ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kí null hypothesis (àbá pé kò sí ìyàtọ̀ tàbí àjọṣe kankan) jẹ́ òtítọ́. Ohun tó ń sọ ni pé: tí null bá jẹ́ òtítọ́, èsì tó le tó báyìí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Tí ... bá" yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Yíyan ìṣirò: máàkì ọkùnrin àti obìnrin, independent t-test, df (degrees of freedom) jẹ́ n₁ + n₂ − 2. Àwọn kan náà ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀kọ́, paired t-test, df jẹ́ n − 1. Ẹgbẹ́ mẹ́ta sókè, ANOVA. Kíka iye orí nínú àpótí (ọkùnrin/obìnrin, yege/kùnà), chi-square, df jẹ́ (ìlà − 1) × (òpó − 1). Àjọṣe nọ́ńbà méjì, Pearson. Tó bá jẹ́ ipò kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, Spearman.

Bàbá_Àpẹẹrẹ
Ẹ kú iṣẹ́ o, Oníṣirò. Yíyan èèyàn fún ìwádìí náà kò gbọdọ̀ sá lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ní education district 6. Tẹ́ ẹ bá fa orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀díẹ̀ jáde láti inú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, stratified ni. Tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ sínú abọ́, tẹ́ ẹ fà 10 jáde, tẹ́ ẹ sì bá gbogbo ọmọ inú 10 yẹn sọ̀rọ̀, cluster ni. District méjì lẹ fà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilé ẹ̀kọ́ nínú wọn, lẹ́yìn náà kíláàsì: multistage. Ẹ dúró sí Ojúẹlẹ́gbà, ẹ ní ẹ fẹ́ ọkùnrin 50 àti obìnrin 50, ẹni tó bá ti kọjá lẹ mú: quota ni, kì í ṣe stratified, torí kò sí ìfàjáde kankan níbẹ̀. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló máa mú stratified.

Ẹ tún rántí aláǹbùréèlà. Ọjọ́ tí títà wọn bá pọ̀ ni gò-sílóò ń pọ̀ lórí Third Mainland Bridge. Aláǹbùréèlà kọ́ ló dí ọ̀nà. Òjò ló fa méjèèjì. Ìbéèrè tó bá fi correlation (àjọṣe nọ́ńbà méjì) gbé "causes" sínú ìdáhùn, ẹ fura sí i kẹ́ ẹ tó kà á tán.

Tíṣà_Sùúrùlérè
Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kẹ̀, ta ló kà wọ́n, Bàbá? 😂

Bàbá_Àpẹẹrẹ
Tíṣà, ẹ má bínú, àsọdùn ni. Ẹ jẹ́ ká ní "ọ̀pọ̀".

Àgbà_Èbúté
Ẹ̀yin ọmọ, ìtàn ẹ̀kọ́ ni tèmi. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, January 1955. Ti Ìlà Oòrùn, 1957. UPE (Universal Primary Education) gbogbo Nàìjíríà, 1976. National Policy on Education àkọ́kọ́, 1977. 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta àti mẹ́ta girama, mẹ́rin yunifásítì) bẹ̀rẹ̀ 1982. Òfin TRCN (Teachers Registration Council of Nigeria), 1993. UBE (Universal Basic Education): wọ́n ṣí i ní Sókótó lọ́dún 1999, òfin rẹ̀ dé 2004. Ẹni tó ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ máa kó 1955 àti 1976 sójú kan, tàbí 1999 àti 2004, nítorí náà ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi "national", "launched", "Act" nínú ìbéèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bloom náà, ẹni tó to àfojúsùn ẹ̀kọ́ ní ìpele ìpele: àtẹ 1956 parí sí synthesis, evaluation. Àtúnṣe 2001 parí sí evaluate, create. Òkè ti yí padà. Tí ìbéèrè bá ní "revised", create ló wà lókè téńté. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ mú objective tó ṣeé wọ̀n, ẹ sá fún understand, know, appreciate. Ẹ mú list, calculate, label, ohun tí ojú lè rí kí ọmọ ṣe.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù, torí ó so ìtàn pọ̀ mọ́ ìwádìí: iṣẹ́ ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀ tí Fafunwa darí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ tó kù. Àwọn kíláàsì ìfiwéra lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Independent variable? Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni. Dependent? Bí àwọn ọmọ ṣe ṣe nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ìwé tuntun tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ náà ńkọ́? Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ìwé tuntun tí èkejì kò ní, ẹ ò lè sọ bóyá èdè ló ṣe é tàbí ìwé. Extraneous variable nìyẹn, òun sì ni ìbéèrè tó gbọ́n máa bèèrè.

Oníṣirò_Yábàá
Àgbà, ẹ kú orí ire. Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé márùn-ún kalẹ̀. Ẹ má wo ìsàlẹ̀.

1. Akẹ́kọ̀ọ́ 1,200 ló wà, àyè àṣìṣe 0.05. Pẹ̀lú ìlànà Yamane, èèyàn mélòó lẹ máa mú?
2. Èèyàn 100 ló ṣe ìdánwò. Nínú 27 tó wà lókè, 22 gba ìbéèrè kan. Nínú 27 ìsàlẹ̀, 9 gbà á. Kí ni difficulty (ìdá àwọn tó gbà á) àti discrimination index (bí ìbéèrè ṣe ya àwọn tó mọ̀wé sọ́tọ̀)?
3. Máàkì 4, 6, 8, 10, 12. Kí ni standard deviation?
4. Ọmọ ọdún 6 rí i tí wọ́n da omi láti inú abọ́ tó fẹ̀ sínú gíláàsì gígùn, ó ní omi ti pọ̀ sí i. Ìpele wo, kí sì ni kò tíì ní?
5. Iye ìgbà tí ọmọ pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ àti máàkì rẹ̀: r = −0.62. Èwo ló tọ̀nà? (A) Pípẹ́ ló ń fa máàkì kékeré. (B) Àjọṣe náà kò lágbára tó ti r = 0.45. (C) Bí pípẹ́ ṣe ń pọ̀ ni máàkì ń kéré sí i. (D) Ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ìyàtọ̀ máàkì ló bá pípẹ́ lọ.

Ọmọ_Akọkà
Ẹ gbà mí o. 1: 300. 2: 0.57 àti 0.48. 3: 2.83. 4: preoperational, conservation. 5: C ni mo mú, ṣùgbọ́n D ń fà mí.

Oníṣirò_Yábàá
Kú iṣẹ́, àbúrò. Jẹ́ ká tú wọn ká.

1 tọ̀nà. Ìlànà Yamane ni N ÷ (1 + N × e²), N ni iye gbogbo èèyàn, e ni àyè àṣìṣe. 0.05 × 0.05 = 0.0025, 1,200 × 0.0025 = 3; 1 + 3 = 4; 1,200 ÷ 4 = 300. Ẹni tó gbàgbé 1 yẹn á rí 400, 400 sì máa wà nínú ìdáhùn, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú. Tí wọ́n bá fi kún un pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé ìbéèrè lè má padà, ẹ má ṣe 300 + 30. Bí 330 bá lọ tí ìdá mẹ́wàá rẹ̀ sọnù, 297 ló padà. 300 ÷ 0.9 ni, ó jẹ́ 334.

2 tọ̀nà. (22 + 9) ÷ 54 = 0.57; (22 − 9) ÷ 27 = 0.48. Orúkọ difficulty ló ń tan èèyàn: bó bá ṣe ga tó ni ìbéèrè ṣe rọrùn tó. Tí discrimination bá wọ odo sísàlẹ̀, àwọn tó mọ̀wé ló ń kùnà á. Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò ni bóyá ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì fúnra rẹ̀ ni kò tọ̀nà.

3, ó kù díẹ̀. Mean jẹ́ 8. Ìyàtọ̀ wọn: −4, −2, 0, 2, 4. Ìlọ́po ara wọn: 16, 4, 0, 4, 16, àpapọ̀ 40. Tí márùn-ún yìí bá jẹ́ gbogbo wọn, 40 ÷ 5 = 8, 2.83 ni. Tí wọ́n bá ní sample, 40 ÷ 4 = 10, 3.16 ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ má sọ èwo ni. Nínú ìdánwò wọ́n á sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré, àwọn nọ́ńbà méjèèjì á sì wà níbẹ̀.

Ìyá_Kíláàsì
4 tọ̀nà. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síwájú pé kí ló fà á, centration ni: ojú ọmọ wà lórí gíga nìkan, kò ka fífẹ̀ mọ́ ọn. Egocentrism (kí ọmọ má lè wo nǹkan bí ẹlòmíì ṣe ń wò ó) máa wà nínú ìdáhùn, kì í ṣe òun.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Kí Oníṣirò tó dé orí 5, ẹ ṣírò àkókò náà. Ìbéèrè 100 ní wákàtí 2 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 72 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní ìṣirò bíi 3 yẹn á gba ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ fò wọ́n, ẹ sàmì sí wọn, kẹ́ ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 40 dáhùn ti ọdún àti orúkọ. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ ṣe odindi 100 kan lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú aago, kẹ́ ẹ má sì dìde títí ẹ ó fi parí.

Oníṣirò_Yábàá
5 ni C lóòótọ́. A kú torí aláǹbùréèlà Bàbá_Àpẹẹrẹ. B kú torí àmì ìyọkúrò kò sọ agbára, ọ̀nà tí àjọṣe gbà lọ ló ń sọ, 0.62 ju 0.45 lọ, ó parí. D tó ń fà ẹ́ yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n gbé wá láìlọ́po rẹ̀: 0.62 × 0.62 = 0.38. Ìdá 38 ni wọn ì bá kọ, D náà ì bá sì tọ̀nà.